Irà Màmá Àgbà

Ẹ̀rọ omi wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́ bí ẹni tó ń rántí nǹkan, ó sì bi ẹrẹ̀ pupa sínú bàsíà tí aṣọ ibùsùn funfun wà. Kí alágbàfọ̀ tó na ọwọ́ tì í, iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ìdájí ti bàjẹ́. Aṣọ mẹ́rìnlélógún ni. Ilé ìgbẹ̀bí tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò ló ni wọ́n. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ ní òun ń fẹ́ wọn, ó sì ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé aláboyún kì í bẹ ọmọ inú ẹ̀ pé kó dúró de aṣọ.

Alágbàfọ̀ fi ìka méjì gbé aṣọ kan sókè bí ẹni tó gbé òkú eku ní ìrù. Ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn, funfun báláú ni. Nísinsìnyí, ó dà bí ohun tí wọ́n fi nu ojú títì.

"Ẹ jáde wá wò ó o!" ó pariwo. "Ẹ wá wo omi tí à ń sanwó ẹ̀ lóṣooṣù!"

Ìyàwó rẹ̀ yọ láti yàrá tí wọ́n ti ń lọṣọ, áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wo bàsíà, ó wo ọkọ ẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

"Òjò tó rọ̀ lóru yẹn, mo ní ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ ṣàn dànù díẹ̀ ká tó gbé nǹkan sábẹ́ ẹ̀. Ẹ ní kí n lọ máa lọṣọ mi."

"Ṣé èmi ni mo rọ òjò ni?"

"Ẹ ò rọ òjò. Àgídí lẹ ṣe."

Télọ̀ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ti yọrí lókè ògiri. Ọkùnrin náà kì í pẹ́ gbọ́ ìjà. Bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ nílé ẹlòmíì, á gbọ́ ọ ju ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀ lọ.

"Alágbàfọ̀, kí ló ń dùn ọ́?" ó ní. "Sọ fún nọ́ọ̀sì pé o bá a pa á láró. Má gbowó aró lọ́wọ́ ẹ̀."

"Lọ jókòó ti abẹ́rẹ́ ẹ, jọ̀ọ́."

Ọmọ wọn kan ṣoṣo, ọmọbìnrin, jáde sí àgbàlá pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu. Ilé-iṣẹ́ omi ló ń bá ṣiṣẹ́. Ohun tó ń ṣe níbẹ̀ ni kó máa bu omi odò sínú ìgò, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì kọ ohun tó bá rí sílẹ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni àdúgbò ṣe sọ ọ́ ní Ọmọ Omi. Bí omi bá wá, oríkì ni. Bí kò bá wá, èébú ni. Láàárọ̀ Sátidé yìí, ẹnu ẹ̀ kún fún fóòmù, kò sì rí omi tí yóò fi yọ ọ́.

"Ìwọ gan-an ni mò ń wá," ni bàbá ẹ̀ wí. "Ẹ̀yin ará ilé-iṣẹ́ omi, ṣé ẹ ti fi omi sílẹ̀ ni? Ṣé amọ̀ lẹ wá ń tà?"

"Òmm," ni Ọmọ Omi wí. Ohun tí ẹnu ẹ̀ gbà náà nìyẹn.

Ní igun àgbàlá, lábẹ́ páànù, Màmá Àgbà, ìyá alágbàfọ̀, jókòó lórí àpótí, ó ń hun ẹní. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ ṣì yá ju ẹnu Télọ̀ lọ. Òun fúnra ẹ̀ ló ń lọ gé koríko tó fi ń hun ẹní náà, nínú irà kan lẹ́yìn ìlú tó jẹ́ tirẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo ariwo náà. Kò gbójú sókè.

Fóònù alágbàfọ̀ dún. Onítípà ni, ọkùnrin tó ń fi yẹ̀pẹ̀ dí irà, tó ń gé e sí pulọ́ọ̀tì, tó ń tà á fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé.

"Ọ̀rẹ́ mi, lọ́sàn-án yìí ni o," ni Onítípà wí, ohùn ẹ̀ le débi pé Télọ̀ gbọ́ ọ lókè ògiri. "Ẹ pàdé mi nírà. Mo ti mú èèkàn, mo ti mú ìwé. Kí Màmá ti fọ àtàǹpàkò wọn mọ́ dè mí, wọn á tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀."

"Omi wo ni wọ́n fẹ́ fi fọ̀ ọ́?" ni alágbàfọ̀ dá a lóhùn, ó sì pa fóònù.

Ọ̀rọ̀ irà yìí ló ti ń gbé wọn nínú láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Alágbàfọ̀ fẹ́ gbẹ́ kànga tó ní ẹ̀rọ sí àgbàlá, kó lè bọ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ omi títí ayé. Ìyàwó ẹ̀ fẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá, irú èyí tó ń fọ̀ tó sì ń fún un. Ó tilẹ̀ ti yá okùn ìwọnṣọ Télọ̀, ó ti wọn ibi tí yóò gbé e sí. Ọmọ Omi nìkan ló ń sọ pé kí wọ́n má tà á, ṣùgbọ́n ta ní máa ń gbọ́ ti òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ omi?

"Màmá, ẹ gbọ́ ọ, àbí?" ni ìyàwó alágbàfọ̀ wí. "Lọ́sàn-án ni o."

"Mo gbọ́," ni Màmá Àgbà wí.

Ohun tó ti ń sọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko náà nìyẹn. Gbogbo ilé sì ti ka 'mo gbọ́' sí 'mo gbà'.

Omi mímọ́ tó kù nílé ò ju korobá méjì lọ, tí wọ́n ti pọn kalẹ̀ lánàá. Ìjà tún bẹ̀rẹ̀ lórí ìyẹn. Ìyàwó alágbàfọ̀ ní òun fẹ́ fi se ìrẹsì, torí ebi kì í gbọ́ àwáwí. Ọkọ ẹ̀ ní ó kéré tán, aṣọ mẹ́fà tí ẹrẹ̀ ò tíì dé ara wọn dáadáa lè rí i fi ṣan. Ọmọ Omi ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe pé ife kan péré lòun ń tọrọ, tìtorí ẹnu òun. Níkẹyìn, alágbàfọ̀ gbé àpótí, ó jókòó sáàárín korobá méjèèjì, ó gbé ọwọ́ kọ̀ọ̀kan lé wọn lórí bí ọlọ́pàá tó mú ọ̀daràn méjì.

Ibẹ̀ ló wà tí igbe fi ta ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí tó dojú kọ ilé wọn.

Kì í ṣe igbe ìjà, igbe ẹni tí nǹkan ń jó ni. Obìnrin kan tó síngbọnlẹ̀ já jáde, tówẹ̀lì lọ́rùn ẹ̀, ìpara tí wọ́n fi ń na irun bo gbogbo orí ẹ̀ funfun. Ó sá kọjá títì láìwo ọ̀tún, láìwo òsì, ó sì já wọ àgbàlá alágbàfọ̀.

"Omi! Ẹ gbà mí o, ẹ fún mi lómi! Orí mi ń jó!"

Onídìrí ń sáré bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ìyàrun há sí i lẹ́nu. "Ẹrẹ̀ ni ẹ̀rọ tèmi ń bì!" ó kígbe. "Ìpara yẹn ò gbọdọ̀ pẹ́ lórí, á bó wọn lórí ni!"

Ọmọ Omi gbé gbogbo fóòmù ẹnu ẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Yéè!" ó ní. "Ọ̀gá mi ni! Ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ omi!"

Àwọn aládùúgbò tó ti ń tẹ̀ lé igbe náà bọ̀ dúró sẹ́nu géètì. Ohun tí ó wà lọ́kàn gbogbo wọn ò ṣòro mọ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti ń bi ẹrẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ẹni tí wọn yóò mú. Ọlọ́run wá mú un wá fúnra ẹ̀, ó tún fi ìpara sí i lórí.

"Alágbàfọ̀," ni Télọ̀ wí lókè ògiri, "kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n ti sanwó omi oṣù yìí."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Alágbàfọ̀ dìde dúró. Ọ̀rọ̀ tó ti tò sínú fún ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ wá sí i lẹ́nu pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wo aṣọ mẹ́fà tó fẹ́ fi omi náà ṣan. Ó wo obìnrin náà. Omi ń dà pòròpòrò lójú ẹ̀, bóyá omi kan ṣoṣo tó mọ́ ládùúgbò láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Ẹ tẹríba," ó ní.

Ó gbé korobá kìíní, ó dà á. Ó gbé ìkejì. Ọwọ́ kan ń da omi, ọwọ́ kejì ń bó ìpara náà kúrò. Ọwọ́ tó ti ń fọṣọ fún ọgbọ̀n ọdún kò mọ béèyàn ṣe ń fọ nǹkan jẹ́jẹ́, àfi bó ṣe ń gbo orí náà gìrìgìrì.

"Ẹ rọra o!" ni ìyàwó ẹ̀ kígbe. "Orí èèyàn ni, kì í ṣe kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì!"

Ẹ̀rín bú. Ọ̀gá Omi fúnra ẹ̀, pẹ̀lú orí nílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń ké, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí omi tán, ó gbé ojú sókè. Apá kan irun ẹ̀ nà gbọọrọ, apá kejì ká jọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

"Ẹ ṣé," ó ní. "Ẹ ṣé gan-an, bàbá."

"Ẹ má tíì dúpẹ́," ni alágbàfọ̀ wí. Ó nàka sí bàsíà. "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ yín."

Gbogbo ẹni tó wà lẹ́nu géètì bá wọlé. Onídìrí ní oníbàárà méjì ti sá lọ mọ́ òun lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Télọ̀ ní ìyẹ̀fun ni wọ́n fi ń pọn omi tẹ́lẹ̀, omi ni wọ́n wá fi ń pọn ilẹ̀ báyìí; kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹnìkan ní kí wọ́n lọ ra ẹ̀rọ tuntun tó ń sẹ́ omi, tí owó àwọn ò bá tíì tán sápò ẹnìkan.

Ọ̀gá Omi ò sá. Ó jókòó sórí àpótí tí alágbàfọ̀ dìde lórí ẹ̀, ó ń fi tówẹ̀lì nu etí.

"Òótọ́ lẹ sọ," ó ní. "Ẹ̀rọ tuntun la ní, ẹ ò mọ̀. Oṣù kẹfà rèé tá a rà á. Ẹrẹ̀ ti dí i pa. Bí a bá ra mẹ́wàá, ẹrẹ̀ á dí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹ̀yin ẹ wo òkè. Wọ́n ti gé gbogbo igi tó wà lórí ẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀, ilẹ̀ òkè náà ló ń wọ́ bọ̀ lódò. Irà tó máa ń sẹ́ omi náà fún wa tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ti dí i, wọ́n ti kọ́lé sí i. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù ní ìhà ibí."

"Kí lẹ wá fẹ́ ṣe sí i?" ni onídìrí bi í.

"A fẹ́ kí ilé kọ̀ọ̀kan fi díẹ̀ kún owó omi. Díẹ̀ ni o, kò ju owó búrẹ́dì kan lọ lóṣù. A ó fi gbin igi padà sórí òkè, a ó sì máa san nǹkan lọ́dọọdún fún ẹni tó ni irà tó kù yẹn, kó má tà á, kó má dí i."

"Ẹ fẹ́ kí n sanwó fún koríko?" ni alágbàfọ̀ wí. "Koríko tó kàn dúró síbẹ̀, tí kò ṣiṣẹ́ kankan?"

"Ìṣòro tó wà níbẹ̀," ni Ọ̀gá Omi ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ, "ni pé a ò tíì mọ ẹni tó ni irà ọ̀hún."

Ìyàwó alágbàfọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ áyọ́ọ̀nù ọwọ́ ẹ̀ wò bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí irú ẹ̀. Alágbàfọ̀ wúkọ́. Ọmọ Omi, tí kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ilé wọn dé ibi iṣẹ́, wo ojú ọ̀run. Télọ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ náà, fa orí ẹ̀ sẹ́yìn ògiri.

Màmá Àgbà gbé ẹní ẹ̀ kalẹ̀. Ó gbọn koríko kúrò lára, ó sì dìde.

"Ẹ di àwọn aṣọ yẹn," ó ní. "Omi wà níbi tí mo ti ń gé koríko."

Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí Ọ̀gá Omi fi wá ni wọ́n kó aṣọ náà sí. Màmá Àgbà jókòó níwájú, ó ń fi ọwọ́ júwe ọ̀nà. Alágbàfọ̀, ìyàwó ẹ̀, Ọmọ Omi àti bàsíà mẹ́ta wà lẹ́yìn. Onídìrí náà gòkè, ó ní òun ò lè fi orí oníbàárà òun sílẹ̀ lábọ̀ iṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, Ọ̀gá Omi dúró, ó wo òkè tó wà lẹ́yìn irà. Ó pá láti òkè délẹ̀, kùkùté nìkan ló kù, omi òjò sì ti gbẹ́ ẹ lára yánnayànna. Ó fi ọwọ́ kan irun ara ẹ̀.

"Díẹ̀ báyìí ló kù kí èmi náà rí bẹ́ẹ̀," ó ní.

Odò kékeré kan ń bọ̀ láti ẹsẹ̀ òkè náà. Pupa ló fi wọ inú irà. Koríko gbà á mọ́ra, ó ga ju èèyàn lọ, ó sì ki. Kò sí ẹni tó lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí omi náà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀, ní òdìkejì, níbi tí Màmá Àgbà mú wọn lọ, omi náà rọra ń jáde, ó tutù, ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lè ka òkúta tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀.

Alágbàfọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó bu omi náà sí àtẹ́lẹwọ́. Ó gbóòórùn ẹ̀. Ó gbé e sójú oòrùn bó ṣe máa ń gbé kọ́là aṣọ wò.

"Ta ló fọ̀ ọ́?" ó béèrè.

"Koríko Màmá ni," ni Ọmọ Omi wí. "Kì í jẹ́ kí omi sáré. Bí omi bá ti rọra ń lọ, ẹrẹ̀ á jókòó sílẹ̀, gbòǹgbò á dì í mú. Iṣẹ́ yín gan-an ló ń ṣe, Bàbá. Alágbàfọ̀ lòun náà."

"Láìgbowó?"

"Láìgbowó."

Ó jẹ́ kí omi náà jò tán láàárín ìka ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ká ṣòkòtò sókè dé orúnkún.

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ Omi ò jẹ́ kí ọṣẹ kán sínú odò. Ó ní kí wọ́n máa bu omi sí bàsíà, kí wọ́n fọ̀ ọ́ nínú ẹ̀, kí wọ́n sì da ìdọ̀tí rẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ lọ́hùn-ún. Bàbá ẹ̀ kùn, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Ìyàwó alágbàfọ̀ tẹ ibi tí kò yẹ, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan wọlé dé itan. Ó ní kí wọ́n má fà á, òun ń gbádùn ẹ̀. Ọ̀gá Omi bọ́ bàtà, ó di etí aṣọ kan mú, alágbàfọ̀ di ìkejì, wọ́n ń lọ́ ọ.

"Ẹ ò lágbára," ni alágbàfọ̀ sọ fún un.

"Pẹ́ẹ̀nì ni mo fi ń ṣiṣẹ́, bàbá."

"Ó hàn lára omi yín."

Nígbà tí oòrùn fi kàn wọ́n látàrí, aṣọ mọ́kàndínlógún ti wà lórí koríko, wọ́n funfun bí ẹyin. Ariwo típà ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, kí Onítípà tó bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú èèkàn lábíyá àti ìwé lọ́wọ́. Ọlọ́yàyà èèyàn ni. Ó kí Màmá Àgbà tẹ̀ríbatẹ̀ríba, ó bá ìyàwó alágbàfọ̀ ṣàwàdà nípa ẹrẹ̀ itan ẹ̀. Oòrùn ti pa á. Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́bàá omi, ó bọ́jú, ó fi ọwọ́ méjèèjì bu omi náà mu, ó tún bu ú.

"Áà!" ó ní. "Omi yìí tutù o. Ó pẹ́ tí mo ti mu irú ẹ̀. Kànga tèmi nílé ti gbẹ láti oṣù tó kọjá."

Onídìrí wo Ọ̀gá Omi. Ìyàwó alágbàfọ̀ wo ọkọ ẹ̀. Onítípà nu ẹnu, ó wo gbogbo wọn, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ó dáa, Màmá," ó ní, ó na ìwé náà síwájú. "Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ síbí."

Màmá Àgbà ò na ọwọ́. Kò sì kọ̀. Ọmọ ẹ̀ ló ń wò.

Aṣọ tó sọ wọ́n di ogún wà lọ́wọ́ alágbàfọ̀, omi ń kán lára ẹ̀. Ó wo òkè tó pá. Ó wo aṣọ tí wọ́n sá. Ó wá yíjú sí ìyá ẹ̀.

"Màmá," ó ní, "ẹ̀yin lẹ ni irà yìí. Mo ti ń tà á láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bí ẹni pé ẹ ti kú. Ẹ dárí jì mí. Kí lẹ fẹ́?"

"Ìwọ ńkọ́, kí lo fẹ́?"

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n dí i mọ́."

"Bó ṣe wà nínú tèmi náà nìyẹn," ni Màmá Àgbà wí. "Ká ní mo sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, wàá ní àgbà ń ṣarán."

Ọ̀gá Omi ti la ẹnu, kò tíì pa á dé. "Ẹ̀yin lẹ ni ín? Ẹ̀yin lẹ jókòó síbẹ̀ tẹ́ ẹ ń hun ẹní láti àárọ̀?"

"Ẹ ò bi mí," ni Màmá Àgbà wí.

Onítípà bínú, kò sọ pé òun ò bínú. Ó ní àwọn èèyàn yìí fi àkókò òun ṣòfò, ó ní owó tóun mú wá, koríko ò lè pa á láéláé. Ọ̀gá Omi náà ò parọ́. Ó ní ohun tí ilé-iṣẹ́ omi yóò máa san lọ́dún ò lè tó ti típà, ṣùgbọ́n á máa wá lọ́dọọdún.

"Ṣé á ra ẹ̀rọ ìfọṣọ?" ni ìyàwó alágbàfọ̀ béèrè.

"Bóyá lẹ́yìn ọdún mẹ́rin."

"Ọwọ́ mi á ti di ẹ̀rọ kó tó dìgbà yẹn." Ó fa ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ nínú ẹrẹ̀, bàtà ò sì bá a wá. "Ó dáa náà. Mo ti kúkú fún un ní bàtà mi gẹ́gẹ́ bí ìdókòwò."

Onítípà fi ìbínú wọ ọkọ̀. Ó fẹ́ yí i padà, ilẹ̀ rírọ̀ gbé táyà ẹ̀ mì. Ó tẹ̀ ẹ́, ó túbọ̀ wọlé. Wọ́n wò ó títí, àánú ẹ̀ wá ṣe wọ́n. Bí gbogbo wọn ṣe lọ gbé èjìká ti típà nìyẹn, alágbàfọ̀, ìyàwó ẹ̀, onídìrí, Ọmọ Omi àti ọ̀gá ẹ̀, tí Màmá Àgbà ń ké "ó tún kù díẹ̀!" látẹ̀yìn. Nígbà tó jáde, ó ta ẹrẹ̀ sí wọn lójú, lẹ́nu, lórí. Irun Ọ̀gá Omi wá bá ara wọn dọ́gba níkẹyìn, ọ̀tún àti òsì. Onítípà yọjú ní fèrèsé láti dúpẹ́, ó rí wọn, ẹ̀rín sì gbà á lọ́wọ́ ìbínú.

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta kí wọ́n tó dé ilé ìgbẹ̀bí. Nọ́ọ̀sì àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ ní ìbàdí. Ó ka aṣọ náà, mẹ́rìnlélógún pé. Ó gbé ọ̀kan sí imú.

"Kí ló ń rùn báyìí?"

"Koríko ni, mà."

Ó tún gbóòórùn ẹ̀. Ọmọ tuntun kan ń ké nínú yàrá lẹ́yìn ẹ̀. "Ẹ máa fi kún un," ó ní, ó sì wọlé.

Nígbà tí oòrùn ń rọ̀, àgbàlá alágbàfọ̀ kún. Wọ́n ti gbé omi korobá mẹ́jọ bọ̀ láti irà, ìyàwó alágbàfọ̀ sì fi se ìrẹsì àti ẹ̀wà, gbogbo ẹni tó bá yọjú ń jẹ. Ọ̀gá Omi ti lọ sílé wẹ̀, ó ti padà dé pẹ̀lú ìwé kan tí ilé tó bá fara mọ́ owó igi àti irà yóò buwọ́ lù. Ìwé náà wà lórí tábìlì, láàárín abọ́ ìrẹsì. Gbogbo èèyàn ń wò ó, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rọ omi ṣì ń bi ẹrẹ̀ ní igun lọ́hùn-ún.

"Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù," ni Ọ̀gá Omi wí.

"A gbọ́ ìyẹn," ni Télọ̀ wí, ẹnu ẹ̀ kún. "Ṣùgbọ́n ẹ sọ òótọ́ fún wa. Bí mo bá sanwó lónìí, ṣé ẹ̀rọ á mọ́ lọ́la?"

"Kò ní mọ́ lọ́la."

"Lóṣù tó ń bọ̀?"

Ọ̀gá Omi wo Ọmọ Omi. Ọmọ Omi gbé síbí kalẹ̀.

"Irà tó kù yẹn ò ní jẹ́ kó burú sí i," ó ní. "Ṣùgbọ́n igi orí òkè ò ní tètè dàgbà. Ọdún mẹ́wàá, ó kéré tán, kó tó lè di ilẹ̀ mú bí ti tẹ́lẹ̀."

"Ọdún mẹ́wàá!" Télọ̀ na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ gbọ́ o! Ọdún mẹ́wàá! Ta ló máa wà níbẹ̀ láti mu ún?"

"Èmi," ni Màmá Àgbà wí.

Ẹ̀rín gba àgbàlá. Onídìrí fi orí lé èjìká ìyàwó alágbàfọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Télọ̀ ní kí wọ́n bá òun mú abọ́ ìrẹsì òun kó má bàa dànù. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó kíyè sí i pé Màmá Àgbà ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ti fa ìwé náà sọ́dọ̀, ó sì ń wo ojú kọ̀ọ̀kan lára wọn, ó ń dúró kí ẹnìkan fún un ní pẹ́ẹ̀nì.

Télọ̀ ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ bọ àpò.